Ìròyìn Rere Tíṣà Sàkàrì

Ọmọ tí kò bá tíì jẹ kòbókò Tíṣà Sàkàrì ní gbogbo agbègbè Ìṣẹ̀rí-Olófin láyé ìgbà náà, ọmọ ọ̀hún kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgba. Sàkàrìyáù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan lójú ọ̀nà Ìgàndò, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí iṣẹ́ àgbẹ̀? Òun ni olórí ìbáwí. Bó bá ń lọ jẹun, kòbókò ń bẹ lábíyá rẹ̀. Bó bá fẹ́ kírun ọ̀sán, á gbé e ti ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ilé ìwé, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa forí kanlẹ̀ tojú-tojú, nítorí wọn ò fẹ́ mójú kúrò lára ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má pè é ní ìkà o. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní Baruwa mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó gbin tẹ̀tẹ̀ sínú táyà àlòkù, tó sì ń já a fún ará ilé láìgba kọ́bọ̀. Ó kàn gbà tọkàntọkàn pé ara lọmọ fi ń gbọ́rọ̀, kì í ṣe etí. Òun nìkan kọ́ ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí gan-an ló ń fa ọmọ wọn wá bá a. Ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀ nílé, ilé ìwé ni wọ́n ti ń nà án. Ìyá á fa ọmọ lọ́wọ́ wá síwájú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Tíṣà, ẹ bá mi nà án. Ẹ ṣá dá ojú rẹ̀ sí fún mi, kẹ́ ẹ sì dá egungun rẹ̀ sí. Ẹran ara tó kù, tiyín ni." Tíṣà Sàkàrì kì í sì í dójú ti ẹni tó bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe òbí ńkọ́? A! Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dé. Ọmọ ti ṣẹ̀ nìyẹn. Òbí mìíràn á ti kọ́kọ́ lu ọmọ bí ẹni lu bàrà nílé, kí ojú má baà ti òun bí òun bá dé iwájú tíṣà.

Ilé ìwé náà kúkú le. Lọ́dún 2012, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kì í ta sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé kejì tó wà nítòsí á dúró dè wọ́n ní àárín ọ̀nà pẹ̀lú ìgò fífọ́ àti bẹ́líìtì tí wọ́n fi irin sí lórí, àwọn tibí náà á sì ti kó òkúta sínú báàgì dípò ìwé. Wọ́n fọ́ orí ọmọ kan nídìí òpó iná, ó di ìdákú. Wọ́n gé ìka ọmọ mìíràn. Tíṣà Sàkàrì na gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin, ó nà wọ́n títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún jà.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó kí ìjókòó tú ká. Qonitah ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kílásì kẹta. Àmúsà mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìṣẹ̀rí. Àmúsà lu ìyá Qonitah, Hàbíbátù, títí obìnrin náà fi sá lọ sí Ọ̀yọ́ tòun ti aṣọ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí kò rí ìyàwó lù mọ́, ọmọ ló kù nílẹ̀. Fáàn-bẹ́líìtì ọkọ̀ ló fi ń lù ú. Ọmọ tí wọ́n bá sì ń lù nílé lójoojúmọ́, kí lẹ rò pé yóò máa fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe níta?

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kílásì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Fàtíà sọ ọ́ sí i létí pé ìyá ẹ̀ ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Qonitah mú bíléèdì tí wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, ó fà á láti ìdí etí Fàtíà dé igun ẹnu rẹ̀. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ là bí ẹnu àpò. Ẹ̀jẹ̀ bo ìwé, ó bo tábìlì, ó ṣàn wọ inú bàtà ọmọ tó jókòó níwájú wọn. Nígbà tí Tíṣà Sàkàrì dé ibẹ̀, Fàtíà ti ń yí nílẹ̀, bíléèdì sì ṣì wà lọ́wọ́ Qonitah. Ó wọ́ ọ jáde sí pápá. Ó nà án títí awọ kòbókò fi là sí méjì, ó tún yí i sódì, ó fi ìdí igi rẹ̀ bá a. Ọmọ náà ò ké, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wò ó ṣáá, bí ẹni tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó tún fi ìgò gún ẹlòmíì lápá.

Àsìkò yìí ni ọ̀gá ilé ìwé tuntun dé, Ìyáàfin Agnes, obìnrin Ìlàjẹ kan tí kò ga, tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹjà, ó padà dé, ó sì pe gbogbo tíṣà jọ.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "A máa pín ìrànlọ́wọ́ tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní, ti gbogbo wọn ni: a ó máa dúró lẹ́nu géètì kí wọn ní orúkọ-orúkọ, òfin ilé ìwé ò sì ní pọ̀ ju èyí tí ọmọ lè rántí lọ. Àwọn tí ìyẹn ò bá tó, a ó kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀, kí tíṣà kan máa bá wọn jókòó lẹ́yìn ìwé, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe lè máa sọ̀rọ̀ láìjà. Ìpele kejì nìyẹn. Àwọn tí ìyẹn náà ò bá tó, àgbàlagbà kan á dúró ti ọmọ kan ṣoṣo. Á rí i láàárọ̀, á rí i kó tó lọ sílé. Ìpele kẹta nìyẹn. Kò sì sí kòbókò nínú ọ̀kankan."

Tíṣà Sàkàrì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màdáámù, ẹ wo àpá ojú Fàtíà kẹ́ ẹ sọ fún mi, ìpele kelòó nìyẹn?"

"Ẹ ti na ẹni tó ṣe é, àbí?"

"Mo nà án dáadáa, mà."

"Ó wáá jáwọ́?"

Ìyáàfin Agnes na ọwọ́ síwájú, ó gba kòbókò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ó dúró ti Qonitah." Àwọn tíṣà yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà.

Kò ṣàwàdà rárá. Àwọn aláṣẹ ti ní kí wọ́n lé Qonitah dànù, Ìyáàfin Agnes ló lọ bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà pé kó dúró ṣe ìdánwò àṣekágbá ti kílásì kẹta ní oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n bó bá ja ìjà kan péré kó tó di ìgbà náà, ó ti lọ nìyẹn. Àmúsà bàbá rẹ̀ sì ti dúró sójú títì, ó búra lójú gbogbo ayé pé bí wọ́n bá lé ọmọ náà nílé ìwé, òkú rẹ̀ ni wọn ó gbé jáde nínú ilé òun. Ẹni tó bá mọ Àmúsà mọ̀ pé kò sọ ọ́ fún ẹ̀rín.

Bí Tíṣà Sàkàrì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oko kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ibẹ̀ ló ní kí Qonitah máa wá bá òun láràárọ̀. Ẹ̀ bá rí àwọn méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́! Òkúta méjì ni wọ́n.

"Ṣó o ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ọmọ náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Nígbà tí kò rí ohun mìíràn sọ, ó gbé ọkọ́ fún un kó ro ìdí ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ wáá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ọmọ náà, torí ọ̀rọ̀ máa ń yá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé bí inú bá ń bí òun, etí òun á kọ́kọ́ di, òun ò ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́, ìgbà tí òun bá sì fi máa gbọ́rọ̀ padà, ẹ̀jẹ̀ á ti wà nílẹ̀.

Tíṣà Sàkàrì fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, ó ń rò ó. Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Bí etí yẹn bá ti fẹ́ di, ibi yòówù kó o wà, tíṣà yòówù kó máa kọ́ yín, dìde kó o máa sá bọ̀ níbí. Ọkọ́ wà nílẹ̀. Ilẹ̀ ni kó o máa bá jà."

Ọmọ náà sì ṣe é. Àwọn tíṣà kan ń kùn pé ó ń já kílásì wọn sí méjì, àmọ́ Ìyáàfin Agnes ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ ó kàn rí i tó ń sáré gba ẹ̀yìn ilé bọ̀, ojú pọ́n, eyín há pọ̀, á fa ọkọ́ yọ, á máa ṣá ilẹ̀ títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó pa odidi ebè run nígbà kan. Tíṣà Sàkàrì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó ṣe tán, wọ́n jọ kọ ebè náà padà.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò jà.

Àfi lọ́jọ́ tí Nùsírátù, ẹ̀gbọ́n Fàtíà, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lọ́nà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀san ojú àbúrò rẹ̀ ló wá gbà. Wọ́n fún un ní ìgbátí tó fi ṣubú, wọ́n tẹ orí rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n fi bàtà gbá a lẹ́nu, wọ́n ya yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ látọrùn dé ìdí, wọ́n tutọ́ sí i lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ba òkúta kan nílẹ̀, òkúta ńlá. Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀. Orí Nùsírátù ò jìnnà sí i, ó tó ohun tí afọ́jú lè sọ bá. Gbogbo wọn rí òkúta yẹn, wọ́n sì rí ojú rẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn.

Qonitah ju òkúta sílẹ̀. Ó sáré.

Tíṣà Sàkàrì ń so ẹ̀wà mọ́ igi nígbà tí ọmọ náà dé. Eyín rẹ̀ kan ti yọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sáyà rẹ̀, ó di aṣọ yíya mú lọ́wọ́ kan.

"Sà," ó ní, "mi ò fọwọ́ kàn wọ́n."

Tíṣà Sàkàrì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kíákíá, nítorí omi ti kún un lójú. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó sọ ni, "Lọ fọ ẹnu ẹ."

Ìyáàfin Agnes gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó fi Nùsírátù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ìpele kejì, ó sì pe Tíṣà Sàkàrì. "Ṣé ẹ ti yin ọmọ yẹn?"

"Màdáámù, a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ní ń mú bá ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí ẹ yìn ín, kí òbí rẹ̀ náà sì gbọ́."

"Ti òbí yẹn dáa. Ìyẹn ni màá ṣe."

Inú rẹ̀ dùn délé. Ó ń rò ó bí òun yóò ṣe jókòó kojú Àmúsà, tí òun yóò sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀, tí ojú ọkùnrin náà yóò là. Ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí, a kì í sọ ọ́ lórí fóònù bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí. Ó tẹ fóònù Àmúsà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Bàbá Qonitah, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Tíṣà Sàkàrì ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí mi nílé ìwé láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ Qonitah ni."

Àmúsà ní, "Ó tún ti ṣe é, àbí?"

Tíṣà Sàkàrì rẹ́rìn-ín sínú. Ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu. "Ẹ ṣá máa bọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó gbọ́ ọ."

Bí ó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn, ó lọ bomi sí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà ní pápá nígbà tí ariwo sọ lẹ́nu géètì. Àmúsà ló ń bọ̀. Ó di ẹ̀yìn ọrùn aṣọ Qonitah mú, ó ń wọ́ ọ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ iléyá. Ojú ọmọ náà kan ti wú dí. Ìlà fáàn-bẹ́líìtì ti bẹ́ síra wọn ní ọrùn, ní ẹsẹ̀, ní ẹ̀yìn, ibòmíràn ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún ni àwọn ọmọ kan rí tí wọ́n fi kígbe. Láàárín ọwọ́ àti ìgúnpá, ó tẹ̀ síbi tí Ọlọ́run ò dá a sí pé kó tẹ̀. Ó ti gbé apá náà bo orí nígbà tí bàbá rẹ̀ ju bẹ́líìtì sílẹ̀, tó mú sípánà táyà.

Àmúsà jù ú síwájú Tíṣà Sàkàrì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó jíṣẹ́ tó dáa.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún yín. Ẹ bá mi parí ẹ̀."

Tíṣà Sàkàrì ní, "Bàbá Qonitah... mo ní kẹ́ ẹ wá kí n lè sọ fún yín pé ọmọ yín ti dáa. Wọ́n lù ú lánàá, kò lu ẹnì kan padà. Mo fẹ́ bá yín dúpẹ́ ni."

Àmúsà wò ó. Ó wo ọmọ tó wà nílẹ̀. Ìgbà tí yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ẹ̀yin? Ìgbà wo lẹ ránṣẹ́ pe òbí rí nítorí ire?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà Sàkàrì lára ju ọfà lọ, nítorí òótọ́ ni. Ó sì di wèrè. Ó fò mọ́ Àmúsà, ó kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, imú ọkùnrin náà bẹ́. Àmúsà gbá a mú ní ọ̀fun. Àwọn méjèèjì wó lulẹ̀, wọ́n ń yí nínú iyanrìn, bàbá olórí ìbáwí ń fi ìkúùkù gún mẹkáníìkì lẹ́nu, mẹkáníìkì ń fi eyín ya á létí. Ìlà tú. Gbogbo ilé ìwé pagbo yí wọn ká, tọmọ ìpele kìíní, tọmọ ìpele kejì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Fáìtì! Fáìtì! Tíṣà, ẹ pa á!"

Ìyáàfin Agnes ya agbo náà wọlé. Obìnrin tí kì í pariwo yìí ké tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi là. "Ọmọ ń kú lọ nílẹ̀! Ẹ̀yin àgbààgbà, ọmọ ń kú lọ, ẹ̀ ń jà!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wo Qonitah. Ó ti dákú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìgàndò nínú ọkọ̀ Ìyáàfin Agnes, àwọn ọlọ́pàá sì wá gbé Àmúsà tòun ti imú rẹ̀ tó ti bẹ́.

Dókítà ní egungun apá náà dá síbi méjì. Kò lè di bírò mú títí oṣù kẹfà yóò fi kọjá. Wọn ò lé e nílé ìwé, kò sì jà, síbẹ̀ ìdánwò ọdún náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyáàfin Agnes ti pe ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Hàbíbátù ti wà lọ́nà.

Tíṣà Sàkàrì lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bándéèjì wà létí rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ bàjẹ́ ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ. Qonitah ò sùn. Ó fi ojú kan tó ṣí wò ó.

"Sà, kí lẹ fẹ́ sọ fún bàbá mi gan-an?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ sọ fún un pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe tíṣà, òun ò rí ọmọ tó lágbára bíi tirẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n máa lu ènìyàn, kí òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì jù ú sílẹ̀, òun àgbà tó léwú lórí ò lè ṣe é, òun ò sì ṣe é lánàá. Ó ní òun fẹ́ sọ fún Àmúsà pé ọmọ gidi ló bí.

Ọmọ náà gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí apá rẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì dì.

"Sà," ó ní, "èmi lẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún."